Oko Funfun ní Ìwáyà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Theophilus ọkọ mi fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja, kí wọ́n tó fún un ní aago ògiri kan pé kó máa lọ sinmi nílé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kò fẹ́ obìnrin lé mi, n kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kọjá yàrá rí. Nítorí náà, nígbà tó sọ nídìí ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ máa dáko, inú mi dùn.

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá Fúnlọ́lá. Ilẹ̀ ibo lẹ rí?"

Ó ní, "Kì í ṣe orí ilẹ̀, Àṣàkẹ́."

Mo gbé ife mi kalẹ̀.

Ó ní òun kà á nínú fáìlì kan ní ọ́fíìsì pé àwọn èèyàn wà ní ìlà-oòrùn ayé tí wọ́n ń gbin ewé òkun sára okùn nínú omi, bí a ṣe ń gbin iṣu sínú ebè. Kí n tó rí ohun sọ, ó ti bá àwọn apẹja lọ síbi àwọn òkúta ńlá tó wà lẹ́nu òkun, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó ń gbà wọ Èkó. Ó gbé korobá omi òkun kan bọ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó pupa rúsúrúsú, tó lọ́ mọ́ra bí irun obìnrin tí kò rí òòyà fún oṣù kan. Ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó so ó mọ́ okùn mẹ́wàá, ó sì na okùn náà sáàárín ọparun nínú ọ̀sà lẹ́yìn Ìwáyà. Ìgbà ọyẹ́ ni, nígbà tí omi ọ̀sà níyọ̀ dáadáa.

Kì í ṣe pé kò ní ìdí. Gertrude, tí èmi àti rẹ̀ jọ ń kọrin ní ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ń ṣiṣẹ́ ní lábù kan ní Yábà. Nílé iṣẹ́ wọn, wọ́n ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi ewé òkun ṣe. Wọ́n á sè é, wọ́n á dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, á sì dì bí ẹ̀kọ. Itọ́ tàbí ìtọ̀ aláìsàn ni wọ́n máa ń kán sí i, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ṣe é. Láti òkè òkun ni ìyẹ̀fun náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1975 tí mo ń wí yìí, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti dí ẹnu òkun pa, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ráyè já ẹrù. Gertrude wá sọ fún ọkọ mi pé bí ewé tiẹ̀ bá lè dì, lábù àwọn á máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dáa létí. Lẹ́nu àwọn ará Ìwáyà ńkọ́? Obìnrin tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa dé oko, Àmúdàtù, ẹnu rẹ̀ mú ju ẹ̀gún ẹja lọ. Bó bá ti rí mi lókèèrè, á ní:

"Ìyá Fúnlọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ koríko. Ewúrẹ́ wo lẹ ń sìn tó mọ̀wẹ̀?"

Mo ní, "Àmúdàtù, máa tukọ̀ rẹ."

"Mò ń tù ú náà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n bá a ra okùn ni."

Èébú ará Ìwáyà kò pààyàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ẹnìkan gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́ pé Theophilus, ọmọ Baálé-ilé, ti ń gbin koríko sínú omi. A kò mọ ẹni náà títí dòní, mo sì ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Àkàngbé, tó jẹ́ olórí ẹbí, mú kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé kejì nínú oṣù Júùnù. Bí òun bá rí irè oko tó kún agbọ̀n kan péré, òun nìkan lòun máa padà sílé. Bí òun kò bá rí i, kí Theophilus di ẹrù rẹ̀, nítorí wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, kò sì ṣeé fi sílẹ̀ fún ará Èkó.

Ọkọ mi kò lè kọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí Bàbá Àkàngbé fi ń lọ sóko ló tà láyé ijọ́un kí Theophilus lè parí ìwé mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, òfin ni nílé wa. Bí Theophilus bá sì lọ, ṣé ibi tí orí ń lọ kọ́ ni ọrùn ń lọ? Èmi náà á tẹ̀ lé e. Ta ni n óò wá fi ìsọ̀ aṣọ mi sílẹ̀ fún ní Tejúoṣó? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọ láti orí àdìrẹ mẹ́ta tí mo tẹ́ sórí àpò sìmẹ́ńtì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi àti alángbá ni a óò máa wo ara wa lórí ògiri títí Jésù yóò fi dé. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn wọlé wa ní Àgùdà ni oko koríko ti di oko tèmi. Mo ń fi orúkọ rẹ̀ gbàdúrà.

Oko náà sì ń dáa. Títí di oṣù Épírì, ewé náà ti wú, ó wúwo, okùn ń tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Òjò wá bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú kan báyìí, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Bàbá Àkàngbé dé, ọkọ mi ti oko bọ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Àṣàkẹ́, okùn kẹta ń funfun."

"Funfun báwo?"

"Funfun ní oríkèé oríkèé. Bí egungun."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ara mi. Bàbá mi, tí í ṣe olùkọ́ ìjọ, ló kọ́ mi ní ìwé kíkà nínú ilé, n kò jókòó ní kíláàsì rí. Ó máa ń sọ pé kò sí ìbéèrè tí èèyàn lè béèrè tí a kò ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ jù. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, mo ní ẹsẹ Bíbélì kan fún un. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú gan-an, wọ́n ka ibi tí Olúwa ti ń bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn sọ̀rọ̀ lẹ́bàá kànga ará Samáríà, pé kí wọ́n wo bí oko ti funfun tó ń retí ìkórè. Kí ni mo tún ń wá?

Mo dìde, mo na ọwọ́ sókè. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó ti gbó."

Ọkọ mi ní, "Àṣàkẹ́, ọkà ni Olúwa ń sọ."

"Ọkà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ni?"

"Ohun ọ̀gbìn ni."

"Èyí ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ń rọ̀. Bí mo fọwọ́ kàn án, ó ń já."

"Ohun tó bá pọ́n ní í rọ̀, Bàbá Fúnlọ́lá. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n tó sì le koko, ibo lẹ ti rí i?"

Ó ní òun rò pé kí a pe Gertrude kó wá wò ó. Mo ní kí a má da ọmọ ọlọ́mọ láàmú lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ ìkórè ló máa rí i. Ọkọ mi gbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ọ́fíìsì ti kọ́ ọ pé bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀, kí èèyàn kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá lèmi lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé okùn kan ṣoṣo ló pọ́n. Okùn kan kò lè kún agbọ̀n, ọjọ́ sì ń lọ. Ọmọ ọjà ni mí, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo obìnrin Tejúoṣó ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tètè pọ́n: ẹ mú ọ̀kan tó ti pọ́n, ẹ fi sáàárín àwọn tútù nínú àpò, ẹ dì í lẹ́nu. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, gbogbo wọn á ti pọ́n. Ta ló wá sọ pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú àpò kò ní ṣiṣẹ́ nínú ọ̀sà?

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọkọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn bóyá wọ́n ṣì wà láàyè. Èmi mú òwú ìránṣọ kan nínú ìsọ̀ mi, ó di Ìwáyà. Mo gé ewé funfun lára okùn kẹta, mo sì ń so ó kọ̀ọ̀kan mọ́ ara àwọn tó ṣì pupa. Mo ń kì í bí mo ṣe ń so ó, nítorí a kì í fi ẹnu òfo ran ohun rere lọ́wọ́:

Ewé òkun, aláìnígbòǹgbò tí kò ṣubú,
A-jẹyọ̀-má-mumi,
Ìgbì gbá ọ létí ọ̀tún, o jó,
Ìgbì gbá ọ létí òsì, o tún ijó jó,
Apọ́nbéporẹ́ tí kò délé elépo rí,
Funfun, kí ọkọ mi má di ẹrù,
Funfun, kí ìsọ̀ mi má tú.

Àmúdàtù gbé àjẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wò mí. "Ìyá Fúnlọ́lá, ẹ ń ki koríko."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Kò kàn mí. Ṣùgbọ́n bó bá dáhùn, ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tó máa gbé yín padà o."

Mo so ó mọ́ okùn mẹ́jọ. Okùn kẹwàá ló kù, èyí tó jìnnà jù, níbi tí omi ti jìn. Bí a ṣe ń súnmọ́ ọn, ìgbì kan gbọn ọkọ̀ wa, gèlè mi já bọ́ sómi. Mo di ara ọkọ̀ mú, mo ní Ọlọ́run ti rí ọkàn mi, kí Àmúdàtù yí ọkọ̀ padà.

Iṣẹ́ mi jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́. Nígbà tí Ọjọ́rú mìíràn fi pé, ọkọ mi sọ fún mi pé okùn mẹ́rin ti funfun. Mo jó yí tábìlì po. Kò bá mi jó. Ní ọjọ́ Ẹtì, tó ku ọ̀la kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó wọlé lọ́sàn-án, ó jókòó láìbọ́ bàtà.

"Mẹ́sàn-án ló ti funfun," ó ní. "Wọ́n sì ń já bọ́ sínú omi, omi ń gbé wọn lọ. Ìdajì okùn ló ti ṣófo."

Mo fa àga kan, mo jókòó tì í.

Ó ki ọwọ́ sápò, ó mú okùn tín-ínrín kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ẹnìkan ti so èyí tó ń kú mọ́ èyí tó yè. Òwú aláwọ̀ ewé ni. Òwú tó dáa gan-an."

Kò sí òwú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Yábà àyàfi nínú ìsọ̀ mi. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n. Mo wọ bàtà, mo lọ pe Gertrude.

Gertrude ní kí a mú díẹ̀ lára ewé náà wá sí lábù. Ó fi ègé kékeré sábẹ́ awò wọn tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá, ó wò ó pẹ́, ó sì ní kí n wá wò ó. Mo di ojú kan. Ohun tí mo rí dà bí ọjà Tejúoṣó ní ọ̀sẹ̀ Kérésì: àwọn ohun kan kéékèèké bí ìgé irun, wọ́n ń sáré, wọ́n ń forí gbárí, kò sí ẹni tó ń yà fún ara wọn.

Mo ní, "Ta nìwọ̀nyí?"

"Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni, mà. Bakitéríà. Wọ́n ti wà nínú omi yẹn tipẹ́, wọn ò rí ewé náà gbé ṣe nígbà tó lágbára. Òjò ló bu omi dídùn sínú ọ̀sà. Iyọ̀ dín kù, ara ewé ò le mọ́, làwọn yẹn bá ráyè wọlé. Wọ́n ń jẹ ẹ́ láti inú. Funfun tẹ́ ẹ rí yẹn, ibi tí wọ́n ti jẹ tán ni."

Ọkọ mi ní, "Kì í wá ṣe pé ó gbó."

"Rárá, sà. Àìsàn ni. Èyí tó bá ti funfun, wọ́n ti kún inú ẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni bó ṣe ran gbogbo okùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àfi bí ẹni pé wọ́n wọkọ̀ lọ."

Mo wú ikọ́. Ọkọ mi ń wo òkè àjà.

Kí wọ́n má baà ráyè ronú, mo béèrè pé, "Gertrude, ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ewé yìí ṣe, kí lẹ sọ pé ó wà fún?"

"A máa fi bọ́ kòkòrò ni, mà. Kí wọ́n lè dàgbà ká lè rí wọn."

"Irú ìwọ̀nyí?"

"Àwọn ìbátan wọn, mà."

"Ẹ̀ bá ti gé e, ẹ̀ bá sè é, kẹ́ ẹ tó bu oúnjẹ fún wọn nínú àwo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, Theophilus rẹ́rìn-ín. "Àṣàkẹ́, wọn kò kàn lè dúró de ìyàwó ilé ni. Wọ́n ti wọ inú oko lọ jẹun."

Gertrude ní kí a gé èyí tó bá ṣì pupa lọ́la kí ó tó pẹ́, kí a sá a sóòrùn. Èyí tó funfun, kí a kó gbogbo rẹ̀ kúrò nínú omi sórí ilẹ̀, kí a má ṣe fi ẹyọ kan sílẹ̀. Mo bi í bóyá èyí tó pupa á kún agbọ̀n. Ó ní òun kì í ṣe wòlíì.

Bàbá Àkàngbé dé ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé. Ó wọ agbádá, ó di agbòòrùn mú, ó sì gbé àpótí aṣọ ńlá kan tó ṣófo dání. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, o ò rù. Níbo ni oko wà?"

Àwa mẹ́rin la wọ inú ọkọ̀: èmi, ọkọ mi, bàbá, àti Àmúdàtù lẹ́yìn. Bàbá jókòó láàárín bí ọba. Nígbà tí a dé okùn kìíní, ó wo ọparun, ó wo okùn tó ṣófo. Ó na ọwọ́, ó já ewé funfun kan, ó fi ìka méjì rún un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi eyín kàn án. Ó tu itọ́ sómi.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ọkọ mi ní, "Lẹ́yìn òjò, Ẹ̀gbọ́n."

"Láti ibo?"

"Okùn kẹta."

"Ó wá dé kìíní àti ìkẹsàn-án lẹ́ẹ̀kan náà?" Ó mi orí. "Irọ́ ni. Àrùn kì í fò bẹ́ẹ̀. Àrùn ẹ̀gẹ́ a máa rìn láti ebè dé ebè, bí ẹni tó ń kí ará ilé. Èyí, èèyàn ló gbé e rìn."

Ọkọ mi ń wo bàtà rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́ láé, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú lọ sílé bí aláàárẹ̀. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí Àmúdàtù bẹ̀rẹ̀ sí kùn orin, obìnrin tí kì í kọrin.

Mo ní, "Bàbá, èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìwàásù, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òwú aláwọ̀ ewé. Mo fẹ́ fo oríkì, Àmúdàtù ní, "Ẹ sọ ti ewì náà." Mo sọ ọ́.

Bàbá Àkàngbé wò mí títí. "Ìyàwó, òwú ní í funfun kó tó di ìkórè. Ọkà náà, mo gbà. Bí ewúro ẹ̀yìnkùlé rẹ bá wá funfun, ọbẹ̀ lo máa sè?"

"Rárá, Bàbá."

"Tu ọkọ̀ lọ síwájú," ó sọ fún Àmúdàtù.

Okùn kẹwàá ló kù, èyí tí ọwọ́ mi kò kàn. Ó pupa rúsúrúsú, ó wú, àfi funfun bíi mélòó kan lẹ́bàá ìdí ọparun. Bàbá bọ́ agbádá, ó ká a, ó gbé e lé mi lórí ẹsẹ̀. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Òun àti àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gé e. Bí Theophilus bá gé ibi tó súnmọ́ funfun jù, bàbá á gbá a lọ́wọ́. "Fi àlàfo sílẹ̀. O ò rí i pé ó ti ń bọ̀ níbẹ̀ ni? Kí ni wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé?" Nígbà tí wọ́n parí, a kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n. Mo fi ọwọ́ tú u kó lè wú, mo tún un tú. Ìdajì agbọ̀n ni, bí èèyàn bá wò ó pẹ̀lú àánú.

Ọkọ mi nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò. "Kò kún, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká padà, kí n lọ palẹ̀ mọ́."

Mo di agbádá bàbá mú lórí ẹsẹ̀ mi. Ìsọ̀ mi ní Tejúoṣó kọjá lójú inú mi, ní pátákó kọ̀ọ̀kan.

"Palẹ̀ kí ni mọ́?" Bàbá ní. "Wọ́n ní ò ń gbin koríko. Ohun tí wọ́n wá wí fún mi nìyẹn. Àádọ́ta ọdún ni mo fi dáko, Theo. N kò rí koríko tó ṣàìsàn rí. O lè gé e, o lè sun ún, ọ̀la ló tún máa yọjú. Iṣu ní í ṣàìsàn. Ẹ̀gẹ́ ní í ṣàìsàn. Ohun tí èèyàn bá gbìn tó sì fẹ́ràn ni àrùn ń wá kiri." Ó na ọwọ́ sí okùn tó ṣófo. "Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kò lè ní èyí. Oko ni. Oko tí kò lórí ire ni, ṣùgbọ́n oko ni."

Theophilus kàn dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkọ̀ fẹ́ dà, Àmúdàtù sì sọ fún un pé kó dìde kó má baà sọ gbogbo wa di oúnjẹ ẹja.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," mo ní. "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ dé ilé láyọ̀. Gáréèjì Mushin ṣì máa ní ọkọ̀ tó ń lọ ní agogo méjì."

Bàbá ń fi ọwọ́ bomi ọ̀sà, ó tọ́ ọ wò. "Dé ilé bíi ti báwo? Ta ló máa kó gbogbo ìdọ̀tí funfun yìí kúrò? Ta ló máa tọ́jú irúgbìn? Ọ̀kan yín ń ka fáìlì, ọ̀kan ń ka ẹsẹ Bíbélì. Ìyàwó, yàrá wo ni mò ń sùn?"

Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé wa ní Àgùdà. Mo ní, "Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"Títí omi á fi níyọ̀ padà, tí n óò fi lè fi ojú ara mi rí i pé ẹ gbìn ín dáadáa."

Oṣù Júùnù la wà. Mo fi ìka ka oṣù lábẹ́ agbádá rẹ̀. Nígbà tí mo dé Nòfẹ́ḿbà, mo ṣíwọ́.